Ohun tó ń dẹ́rù ba Ọmọ Òòrẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó yìí, ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn títí, ó wọ kíláàsì Tíṣà Ẹtu nínú igbó.

Ọmọ Òòrẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ á nàró ṣánṣán, á sì gún ẹni tó jókòó tì í. Lọ́jọ́ kìíní, ó gún Ehoro. Tíṣà ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó gún Ọ̀kẹ́rẹ́. Tíṣà lé e síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé ọ̀nà odò nìkan ni ọmọ náà ń wò. Kí ló ń wá lọ́nà odò?

Lọ́jọ́ kẹta, Tíṣà jókòó tì í, ó rọra kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ Òòrẹ̀, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?
Tẹ̀rẹ̀nà!
Sọ fún mi, n ò ní nà ọ́.
Tẹ̀rẹ̀nà!

Ọmọ náà bú sẹ́kún. “Màámi lọ wá iṣu lódìkejì odò, wọn ò tíì dé. Bí ilẹ̀kùn bá dún, mo máa ń rò pé ẹnìkan fẹ́ wá sọ pé odò ti gbé wọn lọ.”

“Ó yẹ kí n ti bi ọ́ láti ọjọ́ kìíní,” ni Tíṣà wí. “Má bínú, ọmọ mi.”

Ehoro gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Èmi ni màá máa kọ́kọ́ wo ẹni tó wọlé fún ọ.” Bí ilẹ̀kùn ṣe dún, ó fò dìde. “Ọ̀bọ ni o! Fìlà rẹ̀ ló gbàgbé!”

Ọmọ Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ̀ ń bi mí bóyá ìyá rẹ̀ dé? Ó dé lọ́jọ́ karùn-ún, tòun tiṣu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín kó tó dé.