Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Awó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Awó, ẹyẹ abìyẹ́ tótòtó, àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹranko kọ̀ọ̀kan ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo nílé. Fọ́nrán méjì ni, tí a lọ́ mọ́ra. Àwọ̀ mẹ́rin ni ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀: pupa, funfun, dúdú, aró. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ló ń sọ bí ọmọ yóò ṣe rí, láti ìyẹ́ títí dé ohùn. Pupa kì í kọjú sí òmíràn àfi funfun. Dúdú kì í kọjú sí òmíràn àfi aró. Ìyá tó bá sàba gbọ́dọ̀ ka àwọ̀ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹyin rẹ̀ lórí kí wọ́n tó pa.

Ìyẹ́ Awó wá wọ Ìjàpá lójú.

"Ìyá Awó, ẹ yá mi ní okùn yín. Yánníbo ti yé."

"Ìjàpá, a kì í yáni ní ìran ẹni."

Ìjàpá ní kò burú. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n! Bí Awó ṣe lọ pọnmi, ó yọ́ wọlé, ó tú okùn, ó mú fọ́nrán kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ní, "Kò ní í fura."

Awó dé, ó gbé okùn, okùn fúyẹ́. Fọ́nrán kan ti lọ. Ẹyin ku ọjọ́ mẹ́ta kó pa! Bí okùn ò bá pé, wọ́n á dòbu ni.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Jẹ́ ká gba kámú."

"Kí n gba kámú kẹ̀? Lórí ọmọ mi? Rárá o!"

Ó já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ara rẹ̀, ó dà á sílẹ̀, ó tẹ́ fọ́nrán tó kù síwájú, ó ń wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sín èkejì rẹ̀. Ó ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Pupa rèé, funfun dà?
*Wá o, wá.*
Dúdú rèé, aró dà?
*Wá o, wá.*
Ọmọ mi ń bẹ nínú ẹyin,
*Wá o, wá.*
N ò ní í dìde, n ò ní í sinmi,
*Wá o, wá.*

Kò jẹ, kò mu. Ọrùn ń ro ó, ó ń sín in. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, okùn pé. Ó kà á, ẹyin pa: ọmọ mẹ́sàn-án, tótòtó!

Ìjàpá ńkọ́? Bó ṣe ń sá lọ, ẹ̀gún já fọ́nrán ọwọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká. Kò ní ìkejì tí yóò wò. Ó bá ń sín in bó ṣe wù ú, ó sì kà á sí ẹyin Yánníbo lórí. Àwọn ọmọ jáde, orí pá, ọrùn hunjọ, ìyẹ́ kò sí.

Yánníbo ní, "Baálé mi, ìyẹ́ tí ẹ ṣèlérí dà?"

Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun.

Ṣùgbọ́n Awó kò tíì ṣe tán. Ó ní ìran òun kò ní í gbé ojú kan ṣoṣo mọ́. Ó sín òmíràn, ó sín òmíràn, ó fi wọ́n pamọ́ sínú ìyẹ́, sínú èékánná, sínú ẹ̀jẹ̀, sínú èérún ara tí ojú kò lè rí. Àwọn ẹranko yòókù kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ènìyàn náà kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí èérún ara wa tó kéré jù lọ fi gbé odindi okùn wa dání. Olè ìbáà jí ọ̀kan, àìmọye ṣì kù.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gùn mọ nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ẹ wò ó, ó ṣì ń já fáfá!