Èènì Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Ń Fi Ipá Gbà

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àlọ́ tèmi lálẹ́ òní kò lágbára láti fò. Ó wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi dé ìdí igi àràbà kan, ó wá jókòó sáàárín Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko kò ná owó. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ní àgbàdo tó ń wá ẹ̀wà á gbé àgbàdo rẹ̀ lọ bá ẹlẹ́wà. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, igbá kan fún igbá kan. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, oníkálukú á bu díẹ̀ lé e fún ẹnìkejì rẹ̀. Èènì nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbàgbé rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín túká.

Ní ọdún kan, ọ̀gbẹlẹ̀ mú. Àwọn alájàpá tó ń ru iyọ̀ bọ̀ láti etí òkun pàdé ẹkùn lọ́nà. Wọ́n sá lọ, wọ́n ju àpò iyọ̀ ńlá kan sílẹ̀ nídìí àràbà. Ta ló rí i? Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Kò rù ú, kò làágùn sí i, ó kàn bá a nílẹ̀ ni. Ó bù ú díẹ̀díẹ̀ gòkè, ó kó o pamọ́ sínú ihò igi rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí létí òkun!"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ irú wọn.

Ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó jìnnà sí ìdí àràbà, Òkété ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Opó ni. Òun nìkan ló ń kọ ebè, òun ló ń gbìn, òun náà ló ń wa iṣu. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni, ẹnu ọmọ náà kò sì gba nǹkan kan àfi ọbẹ̀ tó bá níyọ̀. Ìyẹn ló mú kí ìyá bu èlùbọ́ kún igbá, ó gbé e rù, ó forí lé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, o kú ìjókòó o."

"Háà, Ìyá wa! Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn!" Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ kì í fi ìkíni ṣahun.

Wọ́n wọn èlùbọ́, wọ́n wọn iyọ̀. Òkété bu ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ lé tirẹ̀. Ó dúró. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fi ewé pọ́n iyọ̀, ó ń fi ẹnu súfèé.

"Ọmọ mi, èènì tèmi ńkọ́?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú. "Èènì kẹ̀, Ìyá? Ta ló ń ṣe èènì, ṣé olùtà ni àbí olùrà?"

"Olùtà ni."

"Ta wá ni olùtà nínú àwa méjèèjì? Èmi rèé tí mo jókòó sídìí ilé mi. Ẹ̀yin lẹ gbẹ́rù rìn wá. Àbí ẹ ti rí alájàpá tó jókòó sílé rí? Ẹni tó gbẹ́rù rìn ni olùtà, Ìyá. Ẹni tó jókòó ni olùrà."

Òkété ro ọ̀rọ̀ náà. Ó dùn létí, kò dùn níkùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í jà nítorí èènì, ìtìjú ni. Kó tó ronú tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gbé orin. Ẹ bá mi gbè é, "Èmi ni" ni ègbè rẹ̀:

Ta ló rìn wá o?
Èmi ni.
Ta ló gbẹ́rù o?
Èmi ni.
Ta ni yóò ṣèènì?
Èmi ni, èmi ni, èmi ni o.

Òkété bá a gbè é. Ó di iyọ̀ rẹ̀, ó lọ sílé.

Bí iyọ̀ yẹn ti tán, ó tún padà lọ. Èènì ti dàgbà. "Ìyá, ẹ̀kúnwọ́ kọ́ mọ́ o," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ààbọ̀ igbá ni." Ìgbà tó tún lọ, èènì ti tó ọjà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé igbá èlùbọ́ kan ń lọ fún iyọ̀, igbá kejì ń lọ fún pé ó rìn wá. Ṣé ẹ ti gbọ́ irú èyí rí? Kí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kó tún sanwó ẹsẹ̀!

Ní ọjọ́ kan tó ń lọ, ó bá Ọ̀yà lójú ọ̀nà. Ọ̀yà jókòó sórí kùkùté, agbọ̀n òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdì iyọ̀ kékeré lórí itan.

"Ọ̀yà, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti ń bọ̀?"

"Níbo ni n bá tún ti máa bọ̀? Gbogbo àgbàdo mi nìyí." Ó na ìdì iyọ̀ sí i. "Mo sì yọjú wo inú igbá tó fi ń wọn iyọ̀ nígbà tó yíjú. Ó ti fi oje igi dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ìdajì."

"O ò wá sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá bá a jà, ta ló tún níyọ̀?" Ọ̀yà mí kanlẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi, Òkété. Pàṣípààrọ̀ tí à ń ṣe yìí, ṣé a jèrè àbí a pàdánù?"

Òkété sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó tì í. "Ọmọ mi jẹun lánàá," ó wí. "Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́. Bí mo bá wo iyọ̀ tí mo gbà, wọ́n rẹ́ mi jẹ. Bí mo bá wo ọmọ, n kò mọ ohun tí n bá pè é mọ́."

Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Nígbà tó pẹ́, Òkété gbé ẹrù rẹ̀, ó ń lọ.

Èlùbọ́ tán nílé Òkété. Ohun tó gbá jọ nílẹ̀ àká ló wà nínú igbá tó gbé lọ kẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n, ó na ọwọ́ fún èènì.

"Kò sí mọ́, ọmọ mi. Ó tán."

"Èbù ńkọ́? Ẹ ṣáà ní èbù iṣu nílé."

Èbù ni iṣu tí wọ́n ń gé pamọ́ fún gbígbìn. Ẹni tó bá gbé èbù rẹ̀ fún èèyàn ti gbé oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ fún un.

"Kí lo fẹ́ fi èbù ṣe, Ọ̀kẹ́rẹ́? O ò lóko, o ò ní ọkọ́."

"Mo kàn fẹ́ máa wò ó ni, Ìyá."

Irọ́ ni. Ó ti gba irúgbìn àgbàdo Ọ̀yà pẹ̀lú. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀, tí gbogbo ìgbẹ́ ń wá ohun gbígbìn, ọ̀dọ̀ òun nìkan ni wọn yóò ti rí i. Ohunkóhun tó bá wu òun lòun yóò gbà lórí rẹ̀, pẹ̀lú èènì.

Òkété ronú kan ọmọ tó jókòó ti abọ́ nílé. Ó padà, ó di èbù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó di èbù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, bí òkété ti ń kó ẹrù títí dòní. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, títí àká fi mọ́ fónífóní. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé orin, ẹnu Òkété sì kún, kò lè gbè é. Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bá a dáhùn, "Èmi ni, èmi ni."

Ọmọ rí ọbẹ̀ oníyọ̀ jẹ. Ara rẹ̀ yá. Ìyá jókòó sẹ́nu ihò, ó ń wo ebè tó ti kọ sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò fi sínú wọn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó sunkún lọ.

Nígbà tó ṣe, ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn ń fẹ́, inú gbogbo ìgbẹ́ ń dùn, àfi ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ibi tí òjò ti ń bọ̀ gan-an ni ihò igi rẹ̀ kọjú sí. Iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí ó ti há a mọ́wọ́ kó lè wọ́n. Ó kó o sínú àpò, ó gbé e rù, ó sáré. Ihò kan ṣoṣo tí omi kì í wọ̀ ní àgbègbè náà ni ihò Òkété ní ẹ̀gbẹ́ òkè.

"Ìyá wa, ẹ gbà mí! Ẹ jẹ́ kí n fi iyọ̀ yìí sínú ilé yín kí òjò fi dá. N ó fún yín ní igbá kan nínú rẹ̀."

Òkété kò dìde. Kì í ṣe ìgbéraga, ẹsẹ̀ ló ń ro ó. "Igbá kan dára. Mo gbà. Ó ku èènì."

"Èènì kẹ̀?"

"Ta ló rìn wá?" Kò fi kọrin o. Ó kàn bi í léèrè ni, jẹ́ẹ́. "Ta ló gbẹ́rù?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan àpò orí rẹ̀. Ẹ bá a dáhùn, ẹ̀yin ọmọ!

"Èmi ni."

"Èbù mi àti irúgbìn Ọ̀yà ni kí o fi ṣe èènì."

Ká ní Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ pé "mo gbà," ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà ò jẹ́ kó lè ya ẹnu wí i. Bó bá dá irúgbìn padà, kí ni yóò tà?

"Ìyá, ààbọ̀ ńkọ́?"

"Rárá."

"Ìdámẹ́ta rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e wọlé ná, ká máa sọ ọ́ nínú ilé."

"Ìta lèmi dúró sí nígbà tí à ń sọ tèmi," ni Òkété wí.

Ẹ̀kán òjò kan bọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ti yín nìkan ńkọ́, ká yọ ti Ọ̀yà kúrò?" Òjò bá dà, ó dà wàà! Omi iyọ̀ ń ṣàn lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń ta á. "Mo gbà! Mo gbà! Ẹ kó gbogbo rẹ̀!" Òkété yà fún un, Ọ̀kẹ́rẹ́ wọlé. Nígbà tó sọ àpò kalẹ̀, àpò náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Igbá iyọ̀ kan tí Òkété ìbá gbà náà ti bá omi lọ. Ó ti rò pé inú òun yóò dùn lọ́jọ́ tí ìyà bá jẹ Ọ̀kẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó gbé ẹní fún un, kó jókòó kí òjò fi dá.

Nígbà tí òjò dá, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní iyọ̀ ti lọ, àdéhùn ti tú. Ó padà sílé lọ wo ẹrù rẹ̀. Omi ti kún ihò igi. Èlùbọ́ ti pò bí àmọ̀, àgbàdo Ọ̀yà ti rà. Nínú èbù, ìdajì ti jẹrà, ìdajì ṣì ṣeé gbìn. Ebi dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í jẹ èbù, ẹ̀kùrọ́ ló ń jẹ, gbogbo ilẹ̀kùn tó sì kàn ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ló bá gbé èbù tó kù rù, ó padà wá sọ́dọ̀ Òkété.

Ọ̀yà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ti rí i, ó fò dìde. "Òun ló rìn wá! Òun ló gbẹ́rù! Òkété, gba èènì lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi sunkún!"

Òkété gbé igbá tirẹ̀ jáde, èyí tí kò ní oje nísàlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́ tó ti ń ṣà nídìí ọ̀pẹ láti ìgbà tí òjò ti dá. Igbá èbù kan, igbá ẹ̀kùrọ́ kan, títí èbù fi tán. Ọ̀kẹ́rẹ́ di ẹrù, ó tẹrí ba, ó ń retí ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òkété bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kùrọ́, ó dà á lé ti Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí.

"Èènì rẹ nìyẹn."

"Ìyá, èmi ni mo gbẹ́rù wá."

"Mo mọ̀. Mo fi fún ọ ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó jáwọ́ nínú rẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ó yíjú, ó lọ, kò sì súfèé.

"Òkété, o gọ̀ jù," ni Ọ̀yà wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gba díẹ̀ nínú èbù yìí, ìwọ náà ò ní nǹkan tí o máa gbìn. Ó ti rẹ̀ mí, Ọ̀yà. Mo fẹ́ sùn lálẹ́ òní ni."

Ọdún yẹn, ìdajì ebè ló gbìn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ó ń kọ́ wa pé èènì tí a bá fi ipá gbà kì í ṣe èènì mọ́, olè ni. Ó tún ń kọ́ ẹni tó ń tijú bí Òkété pé kó tètè sọ̀rọ̀ nígbà tí èènì ṣì wà ní ẹ̀kúnwọ́, kó tó dé orí èbù.

Bí wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún mi ni mo ṣe wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní, ẹ lọ sùn.