Káfíńtà Tí Ó Ń Mu Ejìnrìn Ní Kọ̀rọ̀

Ní ìlú kan láàárín àwọn òkè Èkìtì, ọkùnrin kan ń bẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan òrùlé. Ilésanmí ni orúkọ rẹ̀. Bí ilé bá ga, àwọn káfíńtà mìíràn a kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí wọ́n tó gun àkàbà. Òun a ti dé òkè, a ti máa kan ìṣó, a sì máa bá àwọn tó wà nílẹ̀ ṣàwàdà. Kò bẹ̀rù òkè rárá. Ohun tí ó bà á lẹ́rù nígbẹ̀yìn, inú ara rẹ̀ ni ó wà.

Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún nígbà tí òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ láìdẹwọ́. Ó ń tọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣòkòtò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú. Ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ títí ó fi lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tí ó sábà máa ń mú àgbàlagbà, tí ara kì í fi í lè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́.

Ilésanmí mọ àìsàn náà. Òun ni ó pa àbúrò bàbá rẹ̀. Egbò kékeré kan ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Nígbà tó yá, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, kò sì pẹ́ tí bàbá náà fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí. Àwọn kan ní àwọn dókítà ni ó pa á, pé bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ì bá ṣì wà láàyè. Àwọn yòókù ní àgbo ni ó fi fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ títí egbò fi jẹrà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ilésanmí jókòó sáàárín wọn, kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí àìsàn náà wá kan òun fúnra rẹ̀, ó pinnu pé òun á ṣe ti àwọn ti ìhín, òun á ṣe ti àwọn ti ọ̀hún, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ nípa ẹnìkejì.

Dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́ ni, yunifásítì ni ó ti ń wá. Ó ń ṣe ìwádìí lórí àtọ̀gbẹ. Ilésanmí gbọ́ pé ó ń ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n kò bèèrè ohun tí ìwádìí náà dá lé. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó dín ẹ̀bà àti iyán kù, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i nínú àwo rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá sì lọ, dókítà a bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́:

“Bàbá, ṣé ẹ ń lo ewé tàbí àgbo kankan mọ́ oògùn yìí?”

Ilésanmí a ní, “Rárá o.”

Ó nídìí tí ó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀, nọ́ọ̀sì kan rí ìgò àgbo nínú àpò ìyá àgbàlagbà kan, ó sì bá ìyá náà wí lójú gbogbo èrò. Ìyá náà kò lè gbójú sókè títí tí ó fi lọ. Ilésanmí sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun.

Ó sì ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó mọ ewé. Obìnrin náà ni ó ń já ejìnrìn wá fún un, ìtàkùn tí ó máa ń fà lórí ọgbà, tí èso rẹ̀ máa ń là tí pupa inú rẹ̀ á yọ síta. Ó máa ń gbo ó sínú omi, á sẹ́ ẹ, á gbé e wá. Ó korò débi pé Ilésanmí gbọ́dọ̀ di imú kí ó tó lè gbé e mì. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, “Ṣé o ṣì ń lo oògùn ọsibítù yẹn?”

Ilésanmí rántí pé ohùn ẹ̀gbọ́n yìí gan-an ni ó ròkè jù nínú àwọn tó ń bú dókítà lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó dáhùn pé, “Mo ti fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó lójú, ó mú ike òfìfo, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbé. Inú àpótí irinṣẹ́ ni ó ń tọ́jú oògùn oníhóró sí, ẹ̀yìn òkìtì pákó ní ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbé ike ejìnrìn sí. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ nípa méjèèjì, Ilésanmí sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó náà ní, “Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá Yínká. Àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn ló yẹ kí wọ́n mọ ohun tí ènìyàn ń gbé mì.”

Ó ní, “Ara mi ń yá. Kí ló tún kù?”

Lóòótọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó wálẹ̀ dáadáa, ó sì tún ń wálẹ̀ sí i. Inú dókítà kọ́kọ́ dùn; nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo àbájáde àyẹ̀wò, ó wo Ilésanmí, ó tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ àgbo. Ilésanmí tún ní rárá. Kò sọ fún un pé ọwọ́ òun máa ń gbọ̀n kí oúnjẹ tó délẹ̀, àti pé òógùn máa ń bo òun láìsí oòrùn. Kò sọ fún un pẹ̀lú pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti ń kú, tí ó fi ń dà bíi pé orí tìmùtìmù ni òun ń rìn. Ó ti há sínú irọ́ àkọ́kọ́. Ó dà bíi pé òtítọ́ kékeré kan ṣoṣo lè tú gbogbo rẹ̀ jáde.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó gba iṣẹ́ òrùlé gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ ṣiṣẹ́ kí páànù tó gbóná, kò dúró jẹun. Ó gbé oògùn mì, ó mu ejìnrìn lé e, ó jáde.

Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n jọ wà lókè, ọkùnrin tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ láti ìgbà èwe. Wọ́n ti kan páànù díẹ̀ nígbà tí ìṣó já bọ́ lọ́wọ́ Ilésanmí. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà tún bọ́. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Páànù iwájú rẹ̀ di méjì. Ó gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń sọ.

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, “Ilésanmí, kí lò ń wí? Jókòó. Má ṣe dìde. Jókòó síbi tí o wà yẹn.”

Ó rá pálá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi okùn so Ilésanmí mọ́ ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn Ilésanmí ti àyà tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, tí àwọn olùkọ́ kóra jọ sísàlẹ̀ tí wọ́n di àkàbà mú. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ìyá rẹ̀ ní irú àìsàn yìí sáré mú mínírà dídùn wá, ó ní ṣúgà rẹ̀ ló wálẹ̀ jù, kó máa mu ún. Kò pẹ́, ojú Ilésanmí là. Ó wo àwọn ènìyàn tó yí i ká, ó wo òrùlé, ó sì yé e pé òun ì bá ti kú.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìṣó ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ó ti gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Kò dùn ún. Ó tẹjú mọ́ ojú ihò náà, àbúrò bàbá rẹ̀ sì dé sí i lọ́kàn, tòun ti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ tú.

Ó ní, “Dókítà, mo ti ń parọ́ fún yín.”

Dókítà fa àga, ó jókòó.

“Mò ń mu ewé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu ún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é fún mi, mo sì sọ fún un pé mo ti fi oògùn yín sílẹ̀.”

“Ewé wo, Bàbá?”

“Ejìnrìn ni.”

Dókítà di ojú. Ilésanmí ń retí ìbáwí. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà lajú, ara rẹ̀ ti rọ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe dà mí lọ́kàn rú tó. Bí ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ń wálẹ̀ báyìí láìnídìí, ọ̀kan lára ohun tá a máa ń bẹ̀rù ni pé kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, tí oògùn kò fi kúrò lára rẹ̀ mọ́. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Ejìnrìn yẹn gan-an ni ìwádìí mi dá lé. Mò ń wá àwọn tó ń lò ó mọ́ oògùn, kí n lè mọ ohun tí méjèèjì ń ṣe lára wọn. Ìdí tí mo fi ń bi yín nìyẹn.”

Ilésanmí fi ọwọ́ bo ojú.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé, gèlè rẹ̀ wọ́. Nígbà tí ó rí i pé àbúrò òun jókòó, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó mí kanlẹ̀. Dókítà rọra bi í bóyá ó ti sọ fún Ilésanmí rí pé kó fi oògùn sílẹ̀.

“Èmi kẹ̀?” ni obìnrin náà wí. “Mo bi í léèrè ni. Mo fẹ́ mọ̀ kí n lè mọ bí màá ṣe pò ó. Nígbà tó ní òun ti fi oògùn sílẹ̀, ẹ̀rù bà mí, ni mo bá mú kí ewé náà le sí i.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Èmi fúnra mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọsibítù yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, ìbànújẹ́ ló sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ó bi dókítà pé, “Ṣé ewé mi wá ń ṣiṣẹ́ nígbà náà?”

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, Màmá. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ gbé wọn ṣubú. Oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, ewé ń fà á, wọn ò sì jẹun. A ò tíì mọ bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ife kan sí òmíràn, a ò sì lè fi í rọ́pò oògùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ewé náà dúró ná. Ẹ̀yin, ẹ wá kọ́ mi bí ẹ ṣe ń gbo ó.”

Ni àwọn obìnrin méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ewé tútù àti ewé gbígbẹ, bíi pé wọ́n ti mọra tipẹ́. Ilésanmí ń wò wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àkókò tí ó fi ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa pàdé, kò ronú kàn án rí pé wọ́n lè jókòó báyìí.

Wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, ó dára. Wọ́n fọ ojú ihò ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wò ó títí ó fi jiná. Kò sí gígé. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tú ọ̀já tó kẹ́yìn, Ilésanmí gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan ìyàwó rẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù, ó ní kó bá òun wò ó dáadáa, nítorí òun kò gba ojú ara òun gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ wò ó yípo. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ ni. Ó pé.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú àwọn méjèèjì sì kún fún omi.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í gun àkàbà láìjẹun mọ́, ó sì máa ń ki ọwọ́ bọ inú bàtà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ fún un mọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí mò ń sọ èyí fún, ẹ kíyè sí i dáadáa. Ewé kò ṣe ibi sí ọkùnrin yìí, oògùn kò ṣe ibi sí i. Ohun tí ó fẹ́ pa á ni pé ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Dókítà wọn oògùn lórí ohun tí ó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn ewé lórí ohun tí ó gbọ́. Inú rere àwọn méjèèjì sì pàdé lára rẹ̀, ó di ewu. Ìbínú tí ó ń sá fún, kò sí nínú ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà tó ń gbìyànjú àtiràn yín lọ́wọ́ báyìí, ìbáà jẹ́ lórí àìsàn, lórí ọmọ, tàbí lórí ilé yín. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ sọ fún un. Ẹ ti ya àwòrán ojú tí yóò fà ro sí yín lọ́kàn yín, àwòrán náà sì ni ẹ ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹni náà. Ẹ lọ bá a lónìí, kí ara yín lè mọ ìrọ̀rùn tí Ilésanmí mọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó ti bi yín léèrè tipẹ́. Ẹ dá a lóhùn.