Ìtàn Ìdí-Apá Tí Kò Wọ Ìwé

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Olùkọ́ kan, Oyèbánjí, ń kọ ìtàn agbègbè wa. Ó wá sí Ìdí-Apá láti gbọ́ bí wọ́n ṣe fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ará Èsúré, ìlú ìtòsí, yọ nígbà omíyalé ńlá kan láyé àtijọ́.

"Baba, ta ló wa ọkọ̀ àkọ́kọ́?"

Baálẹ̀ Láṣebìkan wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, baba."

"Bẹ́ẹ̀ lẹni ìṣáájú ṣe wí. A sọ ìtàn fún un, a fi ààlà ilẹ̀ wa hàn án. Kò pẹ́ tí katakata àwọn tó gba ilẹ̀ fi wọ oko wa."

Oyèbánjí búra títí, wọn ò gbà á gbọ́. Obìnrin tó bu omi fún un kò tilẹ̀ jẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀. Ló bá kọjá sí Àgọ́-Ọdẹ, abúlé kejì, àwọn yẹn sì fayọ̀ sọ tiwọn fún un.

Nígbà tí ìwé jáde, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Àgọ́-Ọdẹ ló gba Èsúré là. Mopélọ́lá, ọmọ Baálẹ̀, kà á, ó bú sẹ́kún.

"Baba, ṣebí bàbá yín ló wa ọkọ̀ àkọ́kọ́!"

Baálẹ̀ gba ìwé náà, ó pa á dé. "Òun ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tá a sin ín sí ṣì jẹ́ tiwa."