Ìrọ̀rí Igi Tí Òkété Sún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹni tí kò lágbára lè jókòó jẹ́ẹ́, kí ó sì gbé àpáta sókè? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba ojú odò gbígbẹ kọjá, ó bá Ẹtu àti Òkété níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá mú nínú igbó. Gbogbo odò gbẹ. Ìsun kan ṣoṣo ló kù, abẹ́ àpáta ló sì wà. Àwọn ẹranko wá igi ayìn gígùn, wọ́n ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ àpáta náà. Wọ́n fi òkúta kékeré kan sábẹ́ igi, lẹ́bàá àpáta. Ìrọ̀rí ni wọ́n ń pe òkúta náà, nítorí òun ni igi gbé ara lé. Bí àwọn kan bá jókòó sí ìdí igi, àpáta á gbéra, àwọn tó kù á mu omi. Wọ́n á tún pààrọ̀ ara wọn. Kò sẹ́ni tí kò rí mu.

Èyí kò tẹ́ Òkété lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ìsun náà jẹ́ tòun nìkan. Nígbà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó yí ìrọ̀rí kúrò lẹ́bàá àpáta, ó gbé e dé ìtòsí ìdí igi. Àwọn ẹranko dé, wọ́n jókòó, jókòó, àpáta kò mira. Erin fi gbogbo ara tẹ igi, òógùn bò ó lásán.

"Omi ti kọ̀ wá," ni Òkété wí, ó ń nu ojú tí kò sunkún. "Bàbá Erin, ẹ kó wọn lọ síbòmíràn."

Wọ́n lọ sẹ́yìn òkè, wọ́n ń walẹ̀ kiri. Ẹtu kò lè lọ. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò lè dìde mọ́.

"Ìyá, omi."

"Mo ṣèlérí, Àwẹ̀ró. Ẹnu mi ni n ó fi gbé e wá sẹ́nu rẹ."

Òkété bá a níbẹ̀. "Ìyá Àwẹ̀ró, ìwọ jókòó sídìí igi, èmi á fi ewé bu omi jáde fún ọ. Ṣùgbọ́n bí Erin bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, yóò tẹ ìsun náà di ẹrẹ̀."

Ẹtu gbà. Òkété sún ìrọ̀rí padà. Ẹtu jókòó, àpáta gbéra! Òkété kó sábẹ́, ó ń mu, ó ń kọrin:

Ẹtu, jókòó jẹ́ẹ́,
Ìrọ̀rí!
Tìrẹ ń bọ̀ lẹ́yìn,
Ìrọ̀rí!

Ó jáde, ikùn rẹ̀ rí rogodo.

"Omi mi dà?"

"Háà, ìyá ọmọ, ewé ló jò! Ọ̀la ni tìrẹ." Ó na irùngbọ̀n rẹ̀ tó tutù sí i. "Lá eléyìí ná."

Ọ̀la dé, ewé tún jò. Òkété ń sanra. Ẹtu ń gbẹ, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. Ó di ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí igi, igi kò fara mọ́lẹ̀ mọ́.

"Òkété, jáde! N kò wúwo mọ́! Igi ń gbé mi lọ!"

"Ṣé kí o lè wá mu tìrẹ ni? Ṣe ara gírí, jàre!"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ orin. Kò parí rẹ̀. Igi ju Ẹtu nù. Àpáta wálẹ̀, gbì!

Ẹtu wọ́ ara rẹ̀ dé ẹ̀yìn òkè, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Erin wò ó, kò bá a jà. Wọ́n wá, wọ́n tẹ igi, wọ́n wọ́ ohun tó kù lára Òkété jáde. Omi náà pọ́n. Wọ́n ní láti dúró kí ó mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó jókòó sídìí igi fún ọ, má fi òǹgbẹ pa á. Ìwúwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí àpáta wó lù ọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbàgbé.

Ẹtu ńkọ́? Ó gba omi sẹ́nu, kò gbé ẹ̀kán kan mì, ó rọra rìn délé. Àwẹ̀ró kò pè é mọ́, ara ọmọ náà ti tutù. Ẹtu dùbúlẹ̀ tì í, ó la ètè ọmọ rẹ̀, ó sì tú omi náà sí i lẹ́nu, bí ó ti ṣèlérí.