Ọdẹ́bùnmi Agbátẹ́níìsì Nínú Igbó Adákẹ́rọ́rọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, kí etí yín ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé alálejò, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń pariwo sọ. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́bùnmi ni, ọmọbìnrin Ọdẹ́jìnmí ará Òkè-Àgbìgbò, ẹni tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún, tí kò sì rí ẹnì kan bá jẹun.

Ọdẹ paraku ni Ọdẹ́jìnmí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ fún un, ó gbé ìbọn kọ́, ó gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kan kí ojú rẹ̀ lè máa tó ọmọ. Pápá tẹ́níìsì wà nínú ọgbà ibẹ̀. Ọdẹ́bùnmi rí rákẹ́ẹ̀tì kan tí okùn rẹ̀ ti já, bàbá rẹ̀ sì fi okùn ìdẹ̀kùn tún un ṣe fún un. Láàárọ̀, ọmọ náà á gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Lọ́sàn-án, á gbá a mọ́ ògiri. Àárẹ̀ kò mú ògiri, kò sì mú òun náà. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Láńìyọnu rí i, ó ní ẹ̀bùn rẹ̀ ti ju ìlú kékeré lọ, ó sì bẹ Ọdẹ́jìnmí kí ó jẹ́ kí òun mú un lọ. Bàbá gbà. Ní ibùdókọ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọ̀nà ilé hu koríko."

Ọmọ náà lọ, ó sì borí. Ó borí ní ilẹ̀ òtútù, ó borí ní ilẹ̀ ooru. Ó borí lórí pápá koríko, ó borí lórí pápá amọ̀ pupa. Bọ́ọ̀lù tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde a máa lọ bí àṣá tí ó rí ọmọ adìẹ, a sì máa bà lórí ìlà gẹ́lẹ́ bí ẹni pé ọwọ́ ni a fi gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n eré àdáṣe ni eré náà. Ẹni tí ń ta ayò ń bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ń jìjàkadì ń gbọ́ èémí ẹnìkejì rẹ̀. Agbátẹ́níìsì a dá dúró sí apá kan àwọ̀n, ẹni kan ṣoṣo tí ó kọjú sí i a sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ kí ó ṣubú. Bí Ọdẹ́bùnmi bá borí tán, yóò gbé ife ẹ̀yẹ, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò padà sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, yóò dá jẹ ìrẹsì tútù, yóò sì máa wo ògiri.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ó wá kí òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dáhùn pé, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n parí ìdíje yìí ná." Ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ó tó gba ife tí ó tóbi jù lọ. Kò tíì nu òógùn ojú rẹ̀ tán ní ọjọ́ náà nígbà tí Láńìyọnu sọ fún un pé Ọdẹ́jìnmí ti kú láti ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì ti sin ín.

"Ẹ mọ̀, ẹ kò sì sọ fún mi, sà?"

"Ọmọ mi, ẹ̀rù ló bà mí pé ọwọ́ rẹ yóò wálẹ̀."

Ọwọ́ náà sì wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Ọdẹ́bùnmi bá ju bọ́ọ̀lù sókè láti gbá a, apá rẹ̀ a kú mọ́ ọn lára, bọ́ọ̀lù a sì jábọ́ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí èso tí kò gbó. Ó padà sílé, ó bá Ìyá Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin.

Ìyá Àbẹ̀bí ní, "Ọdẹ tí ó bá kú láìrí ọmọ rẹ̀ kì í tètè kọjá sí ọ̀run. Inú Igbó Adákẹ́rọ́rọ́ ni yóò ti máa dúró dè é títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Bí mo bá wọ ibẹ̀, ṣé n ó padà?"

"Àwọn kan ń padà. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ju ilé lọ."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ọdẹ́bùnmi di àkàrà àti ẹ̀kọ, ó mú rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù kan dání, ó wọ igbó. Ẹyẹ kan kò ké níbẹ̀, kòkòrò kan kò kùn. Ó tẹ ewé gbígbẹ, kò dún. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ kí ẹ̀rù má baà pa á, ohùn rẹ̀ kò kọjá ètè. Ó rìn títí ó fi dé ibi gbalasa kan tí ohùn ti tún ń dún, níbi tí iwin kan dúró sí. Iwin náà ga bí igi àràbà, orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹ̀ka tí ìjì fà ya.

Iwin ní, "Èmi ni Apájàánà, ẹni tí a kò borí rí. Láti ìgbà tí òkè ti wà ní òkúta kékeré ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí yóò kọjá gbọ́dọ̀ bá mi gbá a, kí ó sì sọ fún mi ìgbà tí eré wa yóò tán. Bí o bá ṣì í sọ, èmi àti ìwọ ni a ó jọ máa gbá a títí ayé."

Ọdẹ́bùnmi ju bọ́ọ̀lù sókè. Ẹ wò ó, apá tí ó ti kú jí! Ó gbá a sí igun, ó padà wá. Ó gbá a kíkankíkan, ó padà wá. Ó rọra fi ọwọ́ kàn án, ó tún padà wá. Oòrùn yẹ̀ lórí, wọ́n ṣì ń gbá a. Eré náà dùn mọ́ ọn dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí ó bá wá. Nígbà náà ni ó wo ojú iwin, ó sì rí i pé ojú ẹni tí ń dá wo ògiri ni. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó yẹra fún un, ó jẹ́ kí ó kọjá.

"Kí ló dé? Ọwọ́ rẹ lè tó o."

"Ó lè tó o. Bí a bá fi ti agbára ni, eré yìí kò ní tán láéláé. Ìgbà tí ẹnì kan bá rántí ẹni tí ń dúró dè é ni ó ń tán. Ẹ̀yin lẹ borí."

Apájàánà jókòó wọ̀ọ̀ bí ilé tí ó wó. "Kò sí ẹni tí ó ń dúró dè mí," ni ó wí.

Ọdẹ́bùnmi tú àkàrà, ó bù ú sí méjì. Láti ọdún mẹ́rìnlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun àti ẹnìkan jọ fi ọwọ́ kan oúnjẹ kan náà. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, iwin na apá gígùn náà sí ọ̀nà odò.

Bàbá rẹ̀ ni ó bá ní etí odò, ó kẹ́yìn sí i.

"Má wá síwájú mi, Ọdẹ́bùnmi. Ojú mi kì í ṣe ojú ayé mọ́."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ pè mí, n kò wá."

Ọdẹ́jìnmí ní, "N kò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ọ̀tọ̀ ni ìbínú, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó dunni. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dún ni mo ń yọ sí ẹnu ọ̀nà."

Ọdẹ́bùnmi bú sẹ́kún. "Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín. Kò sí ẹni tí yóò ní kí n borí níbí."

"Rárá. Ìdákẹ́jẹ́ òkú kì í ṣe ìsinmi fún alààyè." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ dáadáa ní òkèèrè?"

"Wọ́n ń fún mi, Bàbá mi. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹ ẹ́."

"Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nìyẹn." Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọdẹ́jìnmí dìde, ó sọdá odò, igbó òdìkejì sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀bí ni Ọdẹ́bùnmi bá ní etí igbó, òjò ti pa á rin gbindin. Ohun tí ó jọ ọjọ́ kan nínú igbó, ọjọ́ mẹ́ta ni níta, ibẹ̀ ni ìyá sì ti wà láti ìgbà náà. Láńìyọnu, tí ó ti wá Ọdẹ́bùnmi wá sílé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó ti rí ọmọbìnrin náà, àgbàlagbà náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ dìde, sà," ni Ọdẹ́bùnmi wí. "Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún mi. Èmi ni mo fi ọdún mẹ́rìnlá ṣòfò." Ó dárí jì í, ṣùgbọ́n kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́.

Ó gbá tẹ́níìsì fún ọdún mẹ́ta sí i. Ó borí nígbà mìíràn, wọ́n sì borí rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá Àbẹ̀bí ni ó ń mú káàkiri. Ìyá náà kò mọ bí a ti ń ka àmì eré náà, ẹni tí ó bá pàdánù ni ó ń sáré lọ kí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Síbẹ̀, àwọn ọjọ́ kan wà tí Ọdẹ́bùnmi yóò dákẹ́ láàárín oúnjẹ, ìyá yóò sì dákẹ́ tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, òkìkí dára, ọlá sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó bí yín bá pè, ẹ má ní kí ó jẹ́ kí ẹ parí ná. Iṣẹ́ kì í tán. Ènìyàn ni ó ń tán.