Ìrù Tí Ó Wọ Ẹnu Ìbọn

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń yìnbọn tí ènìyàn kò sì tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀tù, ìrù òkété kò rí bí a ti ń rí i lónìí. Irun bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ó sì rọ̀ bí òwú.

Kì í ṣe nítorí ẹwà nìkan ni Òkété fi fẹ́ràn ìrù yìí. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Bí wọ́n bá ń lọ mu omi, ìrù ọmọ rẹ̀ ni ìyá yìí máa ń dì mú, tí á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

"Bí mo bá ti ní ìrù yìí lọ́wọ́," a máa wí, "kò sí gegele tí yóò gbé mi ṣubú."

Àṣà ìdílé wọn ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kò tíì sí òkété tí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ rí.

Iṣẹ́ Òkété ni láti máa tọ́jú ìbọn àwọn ará igbó. Àkókó, tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ àwọn ẹranko nígbà náà, ni ó rọ ìbọn náà. Ìbọn ìdíje ni, kì í ṣe ìbọn ọdẹ. Àkókó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ sí inú ihò ìbọn náà, ìlà tí ó lọ́ yí ká bí ti ìkarahun ìgbín. Àwọn ìlà yìí ni ó ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó bá ti ń jáde, kí ó lè lọ tààrà. Àmọ́ Àkókó kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlà wà nínú ìbọn. Alágbẹ̀dẹ kì í tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ síta.

Bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nìkan ni ó sọ.

"Ìdí ìbọn ni kí o máa gbà wọlé, má gba ẹnu," ó sọ fún Òkété. "Wé àkísà rírọ̀ mọ́ ọ̀pá pákó, kán àdín díẹ̀ sí i, kí o tì í jẹ́jẹ́ títí yóò fi yọ lójú kejì. Tí àkísà bá ti jáde láìdúdú, ó tó."

"Ó tó ni, Bàbá Àkókó? N kò ní fọ̀ ọ́?"

"Ó tó. Ìtọ́jú tí ó bá kọjá ó tó, ìyà ni fún irin. Ẹnu ìbọn ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún ọta kí ó tó lọ. Má jẹ́ kí nǹkan ha á."

Òkété gbọ́, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọn náà kò dógùn-ún, kò sì tàsé.

Nígbà tí ó yá, ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Òjò kọ̀, àwọn odò kéékèèké gbẹ, ewé wọ́. Omi kan ṣoṣo ni ó kù láàárín igbó àti ọ̀dàn, omi abẹ́ àpáta kan tí kò lè tó ẹgbẹ́ méjèèjì mu. Odò ńlá tí kì í gbẹ wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà gidigidi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le ni ó lè dé ibẹ̀.

Kí ogun má baà ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjèèjì jọ dá a sí ìdíje. Wọn yóò so ahá kan rọ̀ sórí ẹ̀ka ìrókò. Ìnàkí yóò yìnbọn fún igbó, Ìjímèrè yóò sì yìn fún ọ̀dàn. Ẹgbẹ́ tí ọta rẹ̀ bá ba ahá náà ni yóò ni omi títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹgbẹ́ kejì yóò wá odò ńlá lọ.

Inú àwọn ará igbó dùn. Wọ́n mọ ìbọn wọn. Òkété nìkan ni kò sùn dáadáa, nítorí ó mọ̀ pé ìyá òun kò lè rìn dé odò ńlá.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, Ọ̀yà, ìbátan Òkété tí ń gbé ní ọ̀dàn, wá kí wọn. Ó bá Òkété níbi tí ó ti ń ti àkísà bọ ìdí ìbọn. Ọ̀yà gbé ojú rẹ̀ kan sí ẹnu ìbọn, ó wo inú rẹ̀ síhà ìmọ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n onírù dáradára, ṣé bí ẹ ti ń tọ́jú ìbọn nínú igbó yín nìyí? Inú rẹ̀ kún fún ìlà bí ojú arúgbó."

"Ìlà wo?"

"Ẹ wò ó fúnra yín. Ìdọ̀tí ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí ìkòkò rẹ̀ dé ibi báyìí."

Òkété wò ó. Kò wo inú ìbọn náà láti ẹnu rí. Lóòótọ́ ni, ìlà wà níbẹ̀, ó ń lọ́, ó ń yí, ó dúdú díẹ̀. Ọ̀yà ti lọ, ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì kúrò létí Òkété.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀.

"Lọ bi Àkókó léèrè," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Kí n sọ fún un pé láti ọjọ́ yìí ni ìdọ̀tí ti wà nínú ìbọn tí ó fà lé mi lọ́wọ́?"

"Ọmọ mi, ìtìjú kì í pani. Lọ bi í."

Òkété kò lọ.

Láàárín àwọn òkété, ohun tí kò bá dán kò tíì mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò nìyẹn: eérú, iyanrìn tútù, kí a sì máa ha á títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa ta lára rẹ̀. Òkété wo àkísà, ó rí i pé ó rọ̀ jù. Ó wo ọ̀pá pákó, ó rí i pé kò lè wọ inú àwọn ìlà náà. Ó wá wo ìrù ara rẹ̀.

Ó ti ìrù náà bọ inú eérú àti iyanrìn tútù, ó sì kì í bọ ẹnu ìbọn. Ó fà á jáde, ó tún kì í. Iyanrìn ń dún nínú irin bí eyín tí ń jẹ egungun. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó rántí ìyá rẹ̀, ó sì tẹra mọ́ ọn. Irun ń já, ẹ̀jẹ̀ ń yọ, kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí ó tún gbé ojú sí ẹnu ìbọn, inú rẹ̀ ń dán gbinrin bí omi àárọ̀. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ mọ́.

Inú rẹ̀ dùn. Ìgbà yẹn ni ó tó bojú wo ẹ̀yìn. Irun ìrù rẹ̀ ti tán. Ìdajì tí ó wọ inú ìbọn lọ, iyanrìn ti bó o di funfun. Ìdajì tí ń gbo ẹnu ìbọn, dúdú ẹ̀tù ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì ṣeé fọ̀.

"Yóò hù," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó ká ìrù náà sábẹ́ kí ìyá rẹ̀ má baà fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìjímèrè kọ́kọ́ yìnbọn. Ọta rẹ̀ gba etí ahá náà, ó ré e díẹ̀. Àwọn ará ọ̀dàn pariwo, ṣùgbọ́n àwọn ará igbó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí a fi bí wọ́n ti ń ṣe é hàn yín," ni Ìnàkí wí.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó sé èémí. Ìbọn dún. Ọta jáde, ó ń ta gọ́ọ́ngọ́ọ́n bí ọ̀mùtí, ó ya sí ọ̀tún, ó lọ wọ inú igbó. Ahá náà kò mì rárá.

Àkókó fò wálẹ̀, ó gba ìbọn lọ́wọ́ Ìnàkí, ó wo ẹnu rẹ̀. Etí ẹnu náà ti jẹ níhà kan. Ó wo inú rẹ̀.

"Ta ni ó ha àwọn ìlà mi kúrò?"

Gbogbo wọn yí ojú sí Òkété. Ìrù rẹ̀ ti dáhùn kí ó tó la ẹnu.

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni, Bàbá. Mo fẹ́ kí ó mọ́."

"Ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ṣé kò ṣeé tún ṣe?"

"Irin tí a bá ti ha kúrò kì í hù mọ́," Àkókó wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó sì yẹ kí o ti bi mí." Ó gbé ìbọn náà sílẹ̀, ó fò lọ.

Omi di ti ọ̀dàn. Àwọn ará igbó kó ẹrù wọn, wọ́n forí lé odò ńlá. Wọn kò bú Òkété, wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀. Òkété gba ọ̀dọ̀ omi abẹ́ àpáta lọ. Ọ̀yà ni àwọn ará ọ̀dàn fi ṣọ́ ibẹ̀.

"Omi ẹ̀kún ẹnu kan péré, fún ìyá mi. Òun kò lè rìn."

Ọ̀yà kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àwàdà ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé ẹ máa... Tí mo bá fún yín, wọn á lé èmi náà."

Òkété padà sílé. Ó ní kí ìyá òun dìde kí àwọn máa lọ. Ìyá náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó di ìrù náà mú, ó sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ ta nìyí?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"Ohùn rẹ jọ ti ọmọ mi," ni ìyá wí. Òǹgbẹ ti mú kí ohùn tirẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìrù rẹ̀. Èmi yóò dúró dè é. Ọmọ mi kò ní fi mí sílẹ̀."

Òkété bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó rí i pé kò ní lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá omi wà nísàlẹ̀. Ó gbẹ́, ó gbẹ́, iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni ó ń bá. Láti ìsàlẹ̀ ihò, ó ń gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀. Ó ń dáhùn, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí kò gbọ́ ìpè náà mọ́, ó gòkè wá. Ìyá rẹ̀ ti kọjú sí ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ máa ń gbà wálé, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀, ó ṣí sílẹ̀.

Inú ihò náà ni ó sin ín sí. Kò sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni òkété ti ń gbé inú ihò, tí kì í jẹ́ kí ojúmọ́ bá a níta. Láti ọjọ́ náà ni ìrù rẹ̀ ti pá, tí ìdajì rẹ̀ dúdú tí ìdajì sì funfun. Òjò ti rọ̀ láìmọye ìgbà láti ìgbà náà wá. Irun náà kò tíì hù.